Ayàwòrán Ilé àti Oníwáyà Erékùṣù

Lọ́jọ́ tí Oníwáyà kọ́kọ́ wọ yàrá obìnrin yìí, ó bá a níbi tó ti ń sunkún níwájú kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe pé ẹnì kan kú. Nẹ́tíwọ̀kì ló já nígbà tó ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ débi pé omi ojú nìkan ló kù lára rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ọkùnrin náà wí, ó gbé àkàbà rẹ̀ ti ògiri. "Wáyà ló já lórí òpó. Atẹ́gùn òkun ló fà á. Kò ní pẹ́."

"Ẹ má wo ojú mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Òpó ni mo wá wò."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu obìnrin náà láìrò tẹ́lẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Iṣẹ́ ayàwòrán ilé ló ń ṣe. Òkè òkun lọ́hùn-ún ni ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ìdí nìyẹn tó fi kó ẹrù wá sí erékùṣù yìí. Ó ní òun á máa ṣiṣẹ́ láàárọ̀, òun á máa gbafẹ́ lọ́sàn-án. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jowú. Wọn ò mọ̀ pé iṣẹ́ tó bá tẹ̀ lé èèyàn dé ibi ìsinmi kì í mọ ìgbà tó yẹ kó padà sílé. Ọ̀gá rẹ̀ á pè é bó bá ń jẹun, á pè é bó bá ń wẹ̀. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkun, ṣùgbọ́n ó fa kọ́tìnnì bò ó, nítorí oòrùn ń tàn sójú kọ̀ǹpútà.

Oníwáyà so wáyà, ó lọ. Lọ́jọ́ kejì ó padà wá, ó ní òun fẹ́ wò ó bóyá ó dì dáadáa. Lọ́jọ́ kẹta ó tún dé.

"Ṣé wáyà yìí náà ni?" obìnrin náà bi í.

"Rárá o. Ara wáyà ti yá látàná. Èmi ni ara mi ò tíì yá."

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Ara ọkùnrin náà kò kúkú le ju tirẹ̀ lọ. Òun nìkan ló ń tún wáyà ṣe ní gbogbo erékùṣù náà. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ pẹ́nrẹ́n, tọmọdé tàgbà ló ń pè é. Bó bá ti orí òpó dé, á jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé obìnrin náà, á gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan, oorun á sì gbé e lọ bẹ́ẹ̀.

"Ìsinmi mi," obìnrin náà máa ń pè é.

"Ìsinmi tó ń hanrun," òun náà á dá a lóhùn láìlajú.

Àmọ́ ìfẹ́ ẹni méjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni méjì. Ìyá obìnrin náà pariwo lórí fóònù. "Ẹni tó ń gun òpó? Ọmọ tí mo rán níléèwé títí tó fi ń yàwòrán ilé alájà mẹ́wàá?"

Oníwáyà ní tirẹ̀ kò ní ìyá mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣe búrẹ́dì, ló tọ́ ọ dàgbà. Ìyẹn náà fa ojú ro. "Ẹyẹ ni àwọn àlejò yìí, àbúrò mi. Bí wọ́n bá jẹ èso tán, wọ́n á fò lọ. Tìrẹ tiẹ̀ tún yàtọ̀. Kò jẹ èso, kọ̀ǹpútà ló ń jẹ." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti pe obìnrin náà wá kí òun, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni ọ̀gá ò jẹ́ kó lè wá.

Níkẹyìn, wọ́n dá ọjọ́. Ìyá obìnrin náà wọ ọkọ̀ ojú omi wá, kí ẹbí méjèèjì lè fojú kojú nílé ẹ̀gbọ́n ní aago mẹ́rin ọjọ́ Sátidé. Ní aago méjì, ọ̀gá pè. Wọ́n ń kọ́ ilé ìwòsàn kan, àtẹ̀gùn inú pílánù rẹ̀ ò bọ́ síbi tó yẹ.

"Wákàtí kan péré," ó sọ fún ìyá rẹ̀ àti olólùfẹ́ rẹ̀. "Ẹ máa lọ, mò ń bọ̀ lẹ́yìn yín."

Nígbà tó máa fi gbórí sókè, ilẹ̀ ti ń ṣú. Aago méje ti kọjá. Ó sáré dé ilé ẹ̀gbọ́n, ó bá ìlẹ̀kùn ní títì. Ìyá rẹ̀ jókòó síta, Oníwáyà sì dúró lẹ́bàá ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n mi ti ilé búrẹ́dì rẹ̀ nítorí rẹ," ó wí. "Kò tì í rí láti ọdún mẹ́fà. Ó jókòó fún wákàtí mẹ́ta."

"Dárí jì mí, ọkàn mi. Ọ̀gá mi ló..."

"Mi ò bínú. Ó rẹ̀ mí ni. Iṣẹ́ mi ń rẹ̀ mí, mo ń gbé e. Ṣùgbọ́n kí n máa dúró dè ọ́, mi ò lè gbé ìyẹn mọ́."

Ó yíjú padà, ó lọ.

Ọkọ̀ ò ní lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, torí náà ìyá dúró. Ó rí bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń fi ọwọ́ kan jẹun, tó ń fi ọwọ́ kejì tẹ kọ̀ǹpútà. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì.

"Mo wá síbí láti ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ni. Mi ò mọ̀ pé wàá bá mi ṣe é."

Obìnrin náà dìde jókòó.

"Lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti wo ojú ọ̀nà, ọkùnrin yẹn á ní, 'Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀,' títí ohùn rẹ̀ fi wálẹ̀. Ọmọ mi, ta ló tún máa bá ọ sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó ti bọ́, Màmá."

"Kò tíì bọ́. Fi ẹsẹ̀ rẹ lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Má mú fóònù dání."

Obìnrin náà kọ̀wé sí ọ̀gá: láti ọjọ́ náà lọ, tí aago méjì bá ti lù, òun ti pa iṣẹ́ tì, òun ò sì ní gbé ìpè kankan mọ́. Kò dúró gba èsì. Ó lọ sí ilé búrẹ́dì, ó sì kúnlẹ̀ sórí ìyẹ̀fun tó dà sílẹ̀.

"Dìde," ẹ̀gbọ́n wí, ó ń po ìyẹ̀fun lọ. "Ìkúnlẹ̀ ò ṣòro, ìṣẹ́jú kan ni. Jókòó."

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀gbọ́n ò bá a sọ nǹkan kan mọ́. Àwọn oníbàárà ń wọlé, wọ́n ń jáde. Ìjókòó náà ni ín lára. Ìka rẹ̀ ń wá ohun tí yóò tẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, ó sunkún díẹ̀, ó gbórí ti ògiri, oorun sì gbé e lọ. Nígbà tó jí, aṣọ wà lára rẹ̀, ẹ̀gbọ́n sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"O ya ẹnu sílẹ̀ níwájú gbogbo oníbàárà mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Mo ti ń pè é ní ìgbéraga, àṣé àárẹ̀ ni. Èmi náà mọ àárẹ̀. Máa bọ̀ lọ́la."

Ó wá lọ́la, ó wá lọ́túnla. Lọ́jọ́ kẹrin, Oníwáyà yà wá jẹun, ó bá a tó ń to búrẹ́dì sórí pẹpẹ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọ̀gá rẹ ńkọ́?"

"Ó ti gbé ìdajì iṣẹ́ mi fún ẹlòmíì. Ilé ìwòsàn yẹn wà lára rẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún ọ, ó dùn mí gan-an. Èmi ni mo fẹ́ yà á parí."

Ọkùnrin náà wọlé, ó jókòó tì í, èjìká kan èjìká. "Èmi náà ti lọ bẹ ìjọba pé kí wọ́n fún mi ní ẹnì kejì. Wọ́n ní àwọn á wò ó."

"Nígbà wo?"

"Wọn ò sọ."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àwọn tí kò lókun nínú.

"Ẹ sọ̀rọ̀ sókè," ẹ̀gbọ́n pè láti ìdí ààrò. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan níbí."

Ọ̀rọ̀ wọn wọ̀, ìyá sì sún ìrìn àjò rẹ̀ síwájú lọ́sẹ̀ méjì. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní kóòtù láàárọ̀ ọjọ́bọ̀, nítorí ọkọ̀ ojú omi máa ṣí ní aago méjìlá. Ní èbúté, ìyá di Oníwáyà mú, kò tètè fi í sílẹ̀. "Ọmọ mi," ó wí, "máa rọra gun òpó yẹn."

Nígbà tí ọkọ̀ lọ tán, ọkọ yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Adúmáradán, gbogbo ènìyàn ló ní ká lọ jayé létí òkun. Kí lo fẹ́ ká ṣe?"

Ó ronú sí i. "Ká lọ sùn."

Wọ́n lọ sílé, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n sì sùn lọ́sàn-án gangan, ọwọ́ wọn nínú ọwọ́ ara wọn. Kò sẹ́ni tó jí wọn.