Gbólóhùn Kan Nínú Ẹ̀rí Màmá Rachael

Ọ̀rẹ́ mi, ọkùnrin tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ fún ọ yìí kì í mutí. Kò jalè rí, kò fọwọ́ kan ìyàwó ẹlòmíràn, kò sì sí oògùn kankan lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Bí o bá rí i ní ọjọ́ Ìsinmi nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, tó ń kọrin láàárín ẹgbẹ́ akọrin, wàá ní ẹni ìgbàlà nìyí. Òun náà rò bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí o gbọ́ ìtàn rẹ̀.

Olúgbénró ni orúkọ rẹ̀, Gbénró sì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ìfàkọ̀-Ìjàyè ló ń gbé. Àgídìngbì ló ti ń ṣiṣẹ́, ní yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí ariwo jẹnẹrétọ̀ ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn wọn kì í jẹ́ kí wọ́n ṣí fèrèsé.

Bí ènìyàn bá ṣí ìkànnì tuntun sórí ayélujára, bí àjèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò ni ìkànnì náà rí. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Nígbà tí o bá sì béèrè nǹkan lórí fóònù rẹ, ẹ̀rọ tó ń wá ìdáhùn yóò wo ìkànnì tí àwọn ìkànnì mìíràn ń tọ́ka sí. Títọ́ka yẹn ni wọ́n ń pè ní líǹkì. Ẹ̀rí ni líǹkì jẹ́. Èyí tí àwọn tó níyì bá jẹ́rìí sí ni ẹ̀rọ náà máa ń gbé síwájú. Iṣẹ́ Gbénró ni láti ṣètò bí ìkànnì tuntun yóò ṣe rí ẹlẹ́rìí.

Ní ọdún tó kọjá, ọ̀gá kan tó ń ta tíì ewé gbé ìkànnì tuntun rẹ̀ wá. Ó ní tíì òun ń wo àtọ̀gbẹ sàn, ó sì fẹ́ kí ìkànnì òun yọ sókè pátápátá kí oṣù mẹ́ta tó pé. Adéìfẹ́, ọ̀rẹ́ Gbénró tí wọ́n jọ ń lo tábìlì kan, kọ ètò kan sílẹ̀: kí wọ́n wádìí ohun tí àwọn aláìsàn ń béèrè, kí wọ́n lọ bá oníṣègùn kí wọ́n tó kọ ìdáhùn kankan, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn tó mọ ọjà náà lóòótọ́ tọ́ka sí i fúnra wọn. Ó ní yóò gbà tó ọdún kan. Ó tún ní bí oníṣègùn bá sọ pé tíì náà kò wo nǹkan kan sàn, kí wọ́n dá iṣẹ́ náà padà.

Gbénró rẹ́rìn-ín. "Pásítọ̀ Adéìfẹ́," ló wí, "iṣẹ́ la wá ṣe níbí o, a ò wá ṣe ìsọjí."

Adéìfẹ́ yọwọ́ kúrò nínú rẹ̀. Gbénró nìkan ló ṣe é, nítorí ó mọ ọ̀nà kan tó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìjọ Aládùúrà tí wọ́n bí i sí ní ìkànnì kan tó ti pẹ́, tó sì níyì lójú ẹ̀rọ. Gbénró ló ń tọ́jú rẹ̀ láti ọdún méje, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìsìn fún Ọlọ́run. Bí ọmọ ìjọ kan bá jẹ́ ẹ̀rí ní ọjọ́ ìdúpẹ́, Gbénró ni yóò tẹ̀ ẹ́, yóò sì gbé e síbẹ̀ pẹ̀lú àwòrán ẹni náà. Kò sí ẹlòmíràn tó lè wọ ẹ̀yìn ìkànnì náà láti yí nǹkan padà. Ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó wọ inú àwọn ẹ̀rí náà lọ. Ó mú ti Màmá Rachael. Màmá Rachael ti lé ní àádọ́rin ọdún, àwọn sì ni ìyá àdúrà ìjọ náà, tó ń lu agogo àdúrà ní gbogbo ọjọ́rú. Wọ́n ti jẹ́rìí pé Olúwa wo egbò àtọ̀gbẹ tó wà lẹ́sẹ̀ àwọn sàn: àwọn gbàdúrà, àwọn lo oògùn, àwọn kò sì pa ọjọ́ kankan jẹ ní ọsibítù. Gbénró yọ oògùn àti ọsibítù kúrò. Ó fi gbólóhùn kan rọ́pò wọn: Tíì yìí nìkan ni mo ń mu. Abẹ́ rẹ̀ ló fi líǹkì ọ̀gá náà sí.

Ẹ̀rí mẹ́tàlélógún ló ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Bó ti ń ṣe é, ó ń kọ orin ìyìn lábẹ́ ètè. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kò sí ẹni tó ń ka ẹ̀rí àtijọ́, pé ẹ̀rọ nìkan ni yóò rí i.

Oṣù mẹ́ta kò tíì pé tí ìkànnì tíì náà fi yọ sókè pátápátá.

Nínú ilé tí Gbénró ń gbé, aránṣọ kan wà tó ń jẹ́ Hassanat, ìyàwó Wahab. Mùsùlùmí ni wọ́n, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí Hassanat ti ń rán sùtánà Màmá Rachael, àwọn méjèèjì sì dà bí ìyá àti ọmọ. Hassanat ní àtọ̀gbẹ. Ó béèrè lọ́wọ́ fóònù rẹ̀, ìkànnì tíì náà ló sì kọ́kọ́ yọ. Kò gbà á gbọ́. Ó wá àwọn tó ń jẹ́rìí sí i, ló bá rí àwòrán ẹni tí òun mọ̀ dáadáa. Ọjọ́ yẹn ló ti oògùn dókítà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Gbénró gbọ́ tí Wahab ń pe ìyàwó rẹ̀ lórúkọ, léraléra. Hassanat ti ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, kò sì dáhùn. Gbénró bá wọn gbé e dé ọsibítù. Nígbà tí wọ́n gbé e wọlé tán, Wahab jókòó, ó na fóònù sí i.

"Mo bá a jiyàn, Bọ̀dá Gbénró. Ó ní Màmá Rachael kì í parọ́."

Gbénró ka gbólóhùn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ó dá fóònù náà padà fún Wahab.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, Wahab wá dúró sí ẹnu géètì ìjọ. Kò pariwo. Ó kàn fi fóònù náà han Màmá Rachael. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n sì kà á. Wọ́n ní àwọn ò mọ tíì kankan. Wahab ní orúkọ wọn ló wà níbẹ̀, àwòrán wọn sì nìyí. Àwọn ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé bóyá ẹni tó ń ta tíì ti fún ìyá ní nǹkan. Nígbà náà ni ìyá yíjú sí Gbénró.

"Gbénró, ìwọ lo kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣé mo sọ bẹ́ẹ̀?"

Ọ̀rẹ́ mi, Ọlọ́run ṣí ilẹ̀kùn fún un níbẹ̀ yẹn. Gbénró wo ilẹ̀.

"Bóyá ẹ ti gbàgbé ni, Mà."

Màmá Rachael bọ́ awò ojú wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n kúnlẹ̀ lórí iyanrìn níwájú Wahab, ẹni tí wọ́n lè bí lọ́mọ. "Dárí jì mí, ọmọ mi. Ó jọ pé iyè mi ti ń ra."

Ní ọjọ́rú, ìyá kò lu agogo àdúrà. Wọ́n fi aṣọ funfun wé agogo náà, wọ́n dá a padà fún ìjọ, wọ́n ní ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń sọ ohun tí kò mọ̀ kò gbọdọ̀ máa gbàdúrà lé ẹlòmíràn lórí.

Gbénró ti pa gbogbo líǹkì àti gbólóhùn náà rẹ́ láti ọjọ́ Ajé. Kò gbà á ju wákàtí kan lọ. Ó rò pé ara yóò tu òun. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Bó bá fẹ́ jáde nílé, ó máa ń gba ẹ̀yìnkùlé, kí ó má baà kọjá lẹ́nu ọ̀nà ibi tí ẹ̀rọ ìránṣọ ti dákẹ́. Bó bá ṣí ìwé orin, gbólóhùn yẹn ló ń rí.

Ní ọjọ́bọ̀ ó sọ ọ́ fún Adéìfẹ́. Ó retí kí ó bú òun, Adéìfẹ́ kò bú u.

"Mo ti pa á rẹ́," ni Gbénró wí.

"O pa á rẹ́ lórí ìkànnì. Ó ṣì wà lọ́kàn Màmá Rachael."

Gbénró ní bí òun bá jẹ́wọ́, òun ò ní lè fojú kan ìjọ náà mọ́. Adéìfẹ́ kò sọ pé irọ́ ni. Ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó rántí bí wọ́n ṣe dá Jésù lẹ́bi. Gbénró, tó ti kọ́ ọ láti kékeré, dáhùn kíákíá pé ẹlẹ́rìí èké ni wọ́n mú wá. Bí ọ̀rọ̀ náà ti jáde lẹ́nu rẹ̀, ó pa ẹnu dé.

"Jésù mọ gbogbo wọn lórúkọ," ni Adéìfẹ́ wí. "Kò bú wọn. Ó lọ kú fún wọn. Gbénró, o wà lára wọn. Ìdí nìyẹn tí ìrètí fi wà fún ọ."

Ọdún méje ni Gbénró fi tọ́jú ẹ̀rí àwọn ẹlòmíràn. Ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun kò ní ẹyọ kan tí í ṣe tòun. Ó kúnlẹ̀ láàárín àga méjì, ariwo jẹnẹrétọ̀ ń lọ lẹ́yìn ògiri, ó ní, "Olúwa, ẹlẹ́rìí èké ni mí. Ṣàánú mi nítorí Jésù." Àdúrà náà kò gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò rí ìran, kò gbọ́ ohùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó dìde, ohun tó ti ń sá fún gan-an ló wá ń wù ú láti ṣe.

Ọsibítù ló kọ́kọ́ lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn, ó jẹ́wọ́. Wahab kọ ẹ̀yìn sí i. Hassanat, tó ti lajú ṣùgbọ́n tí ojú ọ̀tún rẹ̀ kò ríran mọ́, béèrè ohun kan péré.

"Ṣé Màmá mọ̀?"

"Rárá."

"Lọ sọ fún wọn."

Ní ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí àwọn ẹlẹ́rìí tò, Gbénró tò sẹ́yìn wọn. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó sọ ohun tó ṣe, láìfi ọ̀kankan pamọ́, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni tó rán an. Ẹnìkan pòṣé. Àwọn àgbà ìjọ gba ìkànnì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ní kí ó jáde nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Màmá Rachael dìde. Wọ́n fi ọ̀pá wọn tilẹ̀ bọ̀ wá síwájú, àwọn ènìyàn sì rò pé wọ́n ń bọ̀ wá gbá a létí.

"A jẹ́ pé iyè mi ò ra," ni wọ́n wí.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú wọn, bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Wọ́n gbé ọwọ́ lé Gbénró lórí. Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí àwọn àgbà.

"Ẹ bá mi gbé agogo mi wá."

Hassanat ti padà sílé. Oògùn dókítà ló ń lò. Ó ń ránṣọ, ṣùgbọ́n kò lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Ní àràárọ̀, kí Gbénró tó lọ sí Àgídìngbì, ó máa ń yà níbẹ̀, á fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mẹ́wàá, á tò wọ́n sórí ìrọ̀rí kékeré. Ó pẹ́ kí Wahab tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìkíni rẹ̀ lóhùn. Ọlọ́run dárí jì í ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ojú Hassanat kò padà.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Bóyá ìwọ kò mọ ohun tí líǹkì jẹ́. Ṣùgbọ́n o mọ gbólóhùn kan tí o fi kún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, tàbí èyí tí o yọ kúrò níbẹ̀. O mọ ẹni tó ń gba ẹ̀bi tìrẹ rù. Bóyá o ti pa á rẹ́ níbi tí ènìyàn lè rí i, tí o sì ń kọrin lọ, síbẹ̀ tí oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ.

Má dúró di ìgbà tí ẹnìkan yóò ṣubú. Jésù mọ orúkọ rẹ àti ohun tí o ṣe, kò sì yí ojú kúrò lára rẹ. Sọ ọ́ fún un nísinsìnyí, níbi tí o wà, kí o tó pa ìwé yìí dé. Lẹ́yìn náà, dìde kí o lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀.

Ìlà àwọn ẹlẹ́rìí kò tíì parí. Àyè rẹ ṣófo lẹ́yìn Gbénró.