Eérú Tí Kò Ní Ìda

Nawain Nange, ìyẹn Ìyá Nange, ló kọ́kọ́ rí eérú náà. Ìkùukùu ṣì bo orí òkè Ijim láàárọ̀ ọjọ́ náà nígbà tó gòkè lọ wo ilé oyin méjìlá tí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin abúlé Fuakuin gbé kọ́ sétí igbó. Owó ìrànwọ́ kékeré tí wọ́n fún wọn láti máa tọ́jú igbó náà ni wọ́n fi ṣe é. Kò bá ẹyọ kan lórí igi. Eérú ló wà nílẹ̀, ó ṣì ń rú èéfín.

Kó tó di ọ̀sán, abúlé ti dá ẹjọ́. Wọ́n ní Jauro Buba, darandaran tó ń gbé lórí pápá lókè, ló sun koríko gbígbẹ kí tuntun lè hù fún màlúù rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ní kó kó ìyàwó àti ẹran rẹ̀ kúrò lórí òkè kó tó di ọjọ́ ọjà. Ọ̀túnla sì ni ọjọ́ ọjà.

Àwọn ọlọ́pàá rán Inspẹ́kítọ̀ Bih wá láti ìlú. Ó ku ọdún kan àbọ̀ kí obìnrin náà fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì ṣáájú rẹ̀. Ọ̀kadà gbé e dé ibi tí ọ̀nà parí sí, ó fẹsẹ̀ rin ìyókù, ó ń sinmi lórí gbogbo òkúta tó bá rí. Òkè ti sú u, irọ́ èèyàn sì ti sú u pẹ̀lú.

Ó fi igi tú eérú náà títí. Ó wá ìda, kò rí. Ó wá òkú oyin, kò rí ẹyọ kan.

"Nawain, ṣé oyin ti wọ àwọn ilé yìí?"

"Háà! Wọ́n kún bámúbámú, Màdáámù. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la fẹ́ yọ oyin."

"Ta ló ń bá yín ṣọ́ wọn?"

"Bàbá wa, Bobe Kuh ni. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí wọ́n ti ń ṣọ́ igbó yìí láìgba fránkì kan. Àwọn ló kọ́ wa níṣẹ́ oyin. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn, wọn ò tíì gòkè wá wò ó."

Bih yí eérú náà ká. Wọ́n ti ro ilẹ̀ yí i po kí iná tó jó, bí ẹni tí kò fẹ́ kí iná kọjá sínú igbó. Ó fẹsẹ̀ wọn ibi tí wọ́n ro: ìṣísẹ̀ mẹ́rin gééré. Apá inú, níbi tí iná ti jó, ni wọ́n da koríko sí, wọn kò da ìkankan síhà igbó. Iná kò sì kan ewé kan nínú igbó. Ó mí kanlẹ̀, ó kọrí sọ́dọ̀ Buba.

Ìyàwó Buba ń di igbá wàrà sínú ẹrù.

"Buba, ṣé ìwọ lo dáná yẹn?"

"Bí mo bá ní èmi kọ́, ta ló máa gbọ́? Bí èéfín bá ti rú lórí òkè yìí, orúkọ tèmi ni wọ́n ń pè. Ibí ni wọ́n bí mi sí o, Màdáámù. Ibo ni kí n da màlúù gbà?"

"Bí o bá fẹ́ sun koríko, ṣé o máa ń ro ilẹ̀ yí i ká?"

Buba fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Èmi? Ṣé mo jọ àgbẹ̀ lójú yín ni? Ẹ wo inú ilé, bí ẹ bá rí ọkọ́ níbẹ̀, ẹ fún mi ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀."

Bih wo inú ilé. Kò sí ọkọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí Nange àti Buba tẹ̀lé òun lọ sílé Bobe Kuh nísàlẹ̀ òkè, níbi tó dá gbé láàárín oko kọfí. Bàbá náà gbé fùfú àgbàdo àti ẹ̀fọ́ kalẹ̀ fún wọn. Ó ń ṣe ọ̀yàyà, ṣùgbọ́n kò jókòó.

"Ilé oyin yín pọ̀ lẹ́yìnkùlé, Bobe," ni Bih wí.

"Oyin ìsàlẹ̀ níbí ni, ọmọ mi. Inú òdòdó kọfí ni mo ti mú wọn."

"Nawain Nange, ẹ bá mi yọ díẹ̀ níbẹ̀ kí n tọ́ ọ wò."

"Ẹ má dààmú," ni Kuh sáré wí, "mo ní èyí tó wà nínú ìgò."

Nange ti dìde. Ó fi èéfín lé oyin sẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí Kuh ṣe kọ́ ọ, ó ya afárá kan. Oyin tó ń kán níbẹ̀ funfun bí ògì. Ọmọdé Fuakuin pàápàá mọ̀ pé òdòdó igbó òkè nìkan ló ń fúnni ní oyin funfun. Ti oko kọfí pọ́n bí omi tíì.

"Bobe, ilé oyin kì í jóná kó má fi ìda sílẹ̀," ni Bih wí. Ó rẹ̀ ẹ́ láti sọ ọ́. "Ilé òfìfo lẹ sun. Díẹ̀díẹ̀ lẹ gbé àwọn tó ní oyin wálé, tí ẹ ń fi àwọn ògbólógbòó yín rọ́pò wọn. Nígbà tó pé, ẹ dáná sí i kí wọ́n lè pè é ní iná koríko. Ṣùgbọ́n ẹni tó dáná náà kọ́kọ́ ro ilẹ̀ yí i ká ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ó sì da koríko sínú. Olè kì í ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Buba ò ní ọkọ́. Nawain, ta ló kọ́ yín ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin?"

Nange fọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ̀yin ni, Bobe. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa."

Kuh wá jókòó. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀wé béèrè owó ìrànwọ́ yẹn. Wọ́n ní ẹgbẹ́ ni wọ́n ń fún, àwọn kì í fún ẹnì kan ṣoṣo. Ọdún mẹ́tàdínlógún, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn! Àwọn wọ̀nyí dé lánàá, wọ́n gbà á. Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Ó ní ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n wò."

"Torí ìyẹn lẹ ṣe fẹ́ kí wọ́n lé mi?" ni Buba bi í.

"N kò dárúkọ rẹ fún ẹnikẹ́ni."

"Òótọ́ ni," ni Bih dáhùn. "Wọ́n dárúkọ rẹ̀ létí yín, ẹ sì dákẹ́."

Buba kò dúró mọ́. Ó sáré gba òkè lọ kí ìyàwó rẹ̀ má baà di ẹrù tán.

Bih ní kí bàbá náà máa bá òun ká lọ sí ìlú. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, Kuh dúró. "Màdáámù, ṣé iná náà kò kọjá?"

"Kò kan ewé kan."

Ó mi orí. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Ká ní ẹ jẹ́ kó kọjá ni, Bobe, n kì bá tí mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

Kuh mú ọkọ́ rẹ̀ lára ògiri, ó nà án sí Nange. "Ẹ̀ẹ̀rùn ṣì pọ̀ nílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí koríko dí etí igbó o."

Inú ṣì ń bí Nange gidigidi. Ó pẹ́ kó tó gba ọkọ́ náà.

"Ìṣísẹ̀ mẹ́rin, Bobe," ló wí.