Èédú fún Ẹja Sàlíhù

Joanna tó ń ta èédú ní Òrè fẹ́ Sàlíhù tó ń sin ẹja nínú àpótí díńgí, bàbá Joanna kò sì bá wọn dé ibi ìgbéyàwó.

Ọdún tí àwọn ṣọ́jà gba ìjọba ni, tí wọ́n ń fi kòbókò kọ́ ènìyàn ní títò sórí ìlà. À ń tò fún mílíìkì, à ń tò fún ọṣẹ. Joanna jókòó ní ìsọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn gáréèjì nígbà tó rí ọkùnrin gíga kan tó ń ṣẹ́ èédú rẹ̀ wò. Á ṣẹ́ ẹ, á gbóòórùn rẹ̀, á gbé e sétí bí ẹni ń gbọ́ rédíò, á tún jù ú sílẹ̀. Imú rẹ̀ ti dúdú, kò mọ̀.

"Bọ̀dá," ni Joanna wí, "ṣé èédú lẹ fẹ́ rà ni, àbí ìyàwó lẹ̀ ń yàn?"

Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. "Èyí ti kan epo rí. Èyí tí epo kò kàn ni mo ń wá. Mo fẹ́ fi sẹ́ omi fún ẹja mi."

"Ẹja yíyan?"

"Ẹja ààyè."

"Ìgbà wo lẹ máa wá jẹ ẹ́?"

"Mi ò ní í jẹ ẹ́."

Joanna wò ó láti òkè délẹ̀. Lọ́dún tí àwọn ènìyàn ń se egungun ẹja lẹ́ẹ̀mejì! Ó ta èédú náà fún un, ó sì fún un ní àkísà kí ó fi nu imú.

Joanna ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ọkùnrin kan ti fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn án rí, ó lọ sí Èkó, kò padà. Láti ìgbà náà, bí ọkùnrin bá ti ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń kọrin, Joanna á bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ ọjà mọ́. Ìyá rẹ̀ ti kú. Bàbá rẹ̀, Gabriel, àgbẹ̀ oníkòkó àti alàgbà ìjọ ní Omífúnfún, ni ẹnì kan ṣoṣo tó kù tó ń bi í pé kí ló jẹ. Bàbá sì ti sọ ọ́ sí i létí pé ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ kò ní í fẹ́ ọmọ òun. Ní ìrọ̀lẹ́, Joanna á jókòó sórí àpótí nínú yàrá rẹ̀, á máa jẹun, á máa gbọ́ ọkọ̀ tó ń lọ Bìní àti èyí tó ń lọ Èkó. Kò sí èyí tó ń dúró.

Ọkùnrin ẹja náà, Sàlíhù, padà wá. Èédú náà ti rún, ó ti sọ omi di dúdú.

"Ẹ ò bá ti bi mí," ni Joanna wí. "Èédú igi rọ̀ jù. Èédú èèpo èkùrọ́ ni kí ẹ lò, èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń rà. Kì í rún."

Ó bá a gbé e délé, torí ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí irọ́ ẹja ààyè náà.

Kì í ṣe irọ́. Àpótí díńgí kan gùn tó ibùsùn ọmọdé, ẹja pupa kéékèèké ń rìn nínú rẹ̀. Sàlíhù ti wa mọ́tò rí fún òyìnbó kan ní iléeṣẹ́ pákó. Nígbà tí iléeṣẹ́ náà kógbá sílé, òyìnbó lọ, ó fi ẹja sílẹ̀. Sàlíhù wá ń pe èrò ní gáréèjì. Kò láya, kò bímọ, Ìwó ni gbogbo ará ilé rẹ̀ wà.

"Inú páálí ni ohun tí wọ́n fi ń sẹ́ omi yìí ti máa ń wá, láti òkè òkun," ó wí. "Kò wọlé mọ́. Mo ní láti ṣe tèmi fúnra mi."

Garawa kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà, ẹ̀rọ tó ń lo bátìrì mọ́tò ń fa omi sí i. Fóòmù tìmùtìmù ló wà lókè tó ń dá pàǹtí dúró. Òkúta wẹ́wẹ́ tẹ̀ lé e. Èédú ló wà nísàlẹ̀, tó ń gba òórùn kúrò lára omi kí ó tó ṣàn padà sínú àpótí.

Joanna fọwọ́ kan fóòmù náà. Ó ń yọ̀ bí ilá.

"Bọ̀dá, ẹ̀gbin rèé."

"Kì í ṣe ẹ̀gbin. Ohun tó ń yọ̀ yẹn ló ń jẹ ìgbẹ́ ẹja. Bí èèyàn bá fọ̀ ọ́ tónítóní, omi á pa wọ́n. Omi inú àpótí náà ni mo fi ń ṣàn án, díẹ̀díẹ̀."

"Ta ló kọ́ yín?"

"Àwọn ẹja tó ti kú."

Ìdáhùn yẹn ló mú Joanna. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà níbẹ̀ bí ọjà bá tú. Wọ́n á jọ ṣa òkúta, wọ́n á jọ fọ eruku kúrò lára èédú. Sàlíhù ń pè é ní Adúmáadán.

"Èédú ló dú," ni Joanna wí. "Ẹ fi mí sílẹ̀." Ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín títí ó fi délé.

Lọ́jọ́ kan Sàlíhù bi í pé, "Kí lo jẹ lónìí?" Joanna gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mi ò mọ̀ ọ́n sọ," ni Sàlíhù wí. "Yàrá yìí tóbi jù fún èmi nìkan."

"Ẹ má wulẹ̀ sọ ọ́. Màá bá bàbá mi sọ̀rọ̀."

Ó lọ sí Omífúnfún, ó kúnlẹ̀, ó dárúkọ Sàlíhù. "Màá wá wo ilé rẹ̀," ni Bàbá wí. "Ilé ni mo fi ń mọ ènìyàn."

Nígbà tó ku ọ̀la kí bàbá dé, Sàlíhù wà ní gáréèjì. Joanna gbá yàrá Sàlíhù, ó nu díńgí. Ó wá kan fóòmù. Wọ́n ti kìlọ̀ fún un, ó sì ti gbà. Ṣùgbọ́n ojú bàbá rẹ̀ ló fi ń wò ó wàyí, bàbá tó máa ń nu ẹsẹ̀ kí ó tó wọ ilé ara rẹ̀. Ó mú ọṣẹ tí ó tò fún láti àárọ̀, ó fi fọ fóòmù àti òkúta títí wọ́n fi funfun. Ó kó wọn padà.

Nígbà tí Bàbá Gabriel wọlé láàárọ̀, gbogbo ẹja náà ti dojú ikùn sókè.

Bàbá wò wọ́n. Ó yí sí ọmọ rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ ní èdè Ìkálẹ̀, kíákíá, kí Sàlíhù má baà gbọ́: ohun tó wà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí ló kú yìí, ṣé ọmọ òun ló kàn?

Sàlíhù gbọ́ ọ. Ó ti pẹ́ ní Òrè. Ó sì ti rí fóòmù funfun náà. Ó dọ̀bálẹ̀. "Èmi ni mo jẹ̀bi, Bàbá. Mi ò tọ́jú omi wọn dáadáa."

Bí Joanna bá dákẹ́, á bá bàbá rẹ̀ lọ sílé, kò sẹ́ni tó máa bá a wí.

"Irọ́ ló ń pa," ó wí. "Èmi ni mo fọṣẹ sí i. Ó ti kìlọ̀ fún mi. Nítorí yín ni mo ṣe fọ̀ ọ́, Bàbá, kí ojú má baà tì mí. Ojú ti tì mí ná. Òun ni màá fẹ́."

"O ti gbọ́ ohun tí mo sọ nípa ìjọ."

"Mo gbọ́, Bàbá."

Bàbá dé fìlà rẹ̀. Joanna tẹ̀ lé e dé títì, ó dúró tì í títí ọkọ̀ fi dé. Bàbá kò wo ẹ̀gbẹ́ ibi tó wà.

Kóòtù ni wọ́n ti ṣègbéyàwó. Títílọpẹ́ tó ń ta gààrí nítòsí ìsọ̀ Joanna ló bá wọn fọwọ́ sí ìwé. Sàlíhù kò bínú nítorí ẹja. Ó kàn ní kí àwọn dúró kí òkúta tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ kí àwọn tó wá ẹja mìíràn. Wọ́n dúró. Wọ́n jọ ń jẹun.

Bàbá Gabriel ṣì ń gbé kòkó wá sí Òrè. Bó bá ń kọjá níwájú ìsọ̀, Joanna á kúnlẹ̀ sínú eruku èédú, á ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Bàbá á máa wo títì. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn títí Bàbá fi kú. Oníbàárà kan tó wá ra èédú ló kí Joanna kú ọ̀fọ̀, ó rò pé Joanna ti gbọ́. Wọ́n ti sin ín.