Ilé Ardis

Ọkùnrin tó ń gbé gáàsì wá fún wa ló kọ́kọ́ pe ilé wa ní ilé Ardis, èmi Ardis sì rèé tí mo dúró níwájú rẹ̀, tí mo káwọ́ lé ìbàdí. Mo ní, "Ilé ta lo pè é?" Ó wò mí bí ẹni tí oorun ń kùn, ó ní ilé Ardis náà ni wọ́n sọ fún òun lọ́fíìsì.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ní ìgbèríko wa yìí ní Minnesota, a kì í fi orúkọ ẹni tó ń gbé inú ilé pe ilé. Ẹni tó ti lọ la fi ń pè é. Bàbá mi ra oko yìí lọ́wọ́ Kvamme kí wọ́n tó bí mi, ilé Kvamme la sì ń jẹ́ látìgbà náà. Ilẹ̀ pọ̀ ju èèyàn lọ níbí: ọ̀nà tààrà, àgbàdo, sóyà, àti igi tí wọ́n tò láti dí atẹ́gùn fún ilé tí kò sí mọ́. Bí o bá béèrè ọ̀nà, orúkọ ẹni tí kò sí mọ́ ni wọn yóò fi júwe rẹ̀ fún ọ.

Norbert Aasen, aládùúgbò wa, ilé Lindahl ló gbé dàgbà. Nígbà tí yìnyín yọ́ lọ́dún kan, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "ilé Norbert", Norbert fúnra rẹ̀ sì wà láàárín wọn ní yàrá abẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń mu kọfí, ó ń rẹ́rìn-ín. Kí a tó kórè, kò sí Norbert mọ́. Kò kú, kò kó lọ. Oúnjẹ wà lórí tábìlì rẹ̀, bàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé kò sẹ́ni tó wá a.

Nígbà tí onígáàsì lọ, ara mi bù máṣọ. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo gbé kéèkì mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. LaVonne ọ̀rẹ́ mi bù ú jẹ, ó sì sọ fún ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ó jọ èyí tí wọ́n máa ń ṣe nílé Ardis. Mo kí i. Ojú rẹ̀ gba ara mi kọjá lọ sára ògiri.

Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣàdédé jáde, ẹnìkan ló máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́. Mo tẹ ọ́fíìsì onígáàsì láago. Ọmọbìnrin tó gbé e kò fẹ́ẹ̀ gbọ́ mi, àfi ìgbà tí mo pariwo. Ó ní Verlyn ló pè, òun ló ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé Ardis.

Verlyn ni àbúrò mi ọkùnrin. Èmi ni mo tọ́ ọ nígbà tí ìyá wa kú, torí rẹ̀ ni n kò ṣe lọ́kọ. Àwa méjèèjì la jọ ń gbé, la jọ ń dá oko. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé.

Mo bá a nílé màlúù, ó ń da koríko sílẹ̀ fún wọn.

"Verlyn, kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Kò yíjú sí mi. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Àǹtí mi, orúkọ tèmi ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè. Ilé Verlyn, ilé Verlyn. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní kì í ṣe ilé Verlyn, ilé Ardis ni."

"O wá fi mí dípò ara rẹ."

"Ẹ ti dàgbà, Àǹtí mi. Èmi ṣì lè ṣe oko."

Ó dùn mí wọra. Ká ní ó wá bá mi ni, ká ní ó sunkún sí mi lẹ́sẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe ní kékeré, bóyá èmi fúnra mi ni ǹ bá ní kó pe orúkọ mi.

Mo tẹ̀ lé e wọlé. Ó bu kọfí sínú ife kan ṣoṣo, ó jókòó. Mo jókòó sórí àga mi, mo ní kó na ṣúgà sí mi. Kò gbọ́. Lẹ́yìn tó mu kọfí rẹ̀ tán, ó dìde, ó wá sẹ́yìn mi, ó sì ti àga náà wọ abẹ́ tábìlì, bí èèyàn ṣe ń ti àga tí kò sẹ́ni lórí rẹ̀. Ó yẹ kí etí tábìlì há mi láyà. N kò mọ nǹkan kan lára.