Ìdọ̀bálẹ̀ Wàrísù

Ẹsẹ̀ ni Déborah kọ́kọ́ rí. Òjò lé e wọ abẹ́ páànù kan ní ọjà Mont-Bouët, ó sì rí ẹsẹ̀ méjì lábẹ́ àwọn aṣọ tí wọ́n fi kọ́, tí wọ́n ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Télọ̀ náà gbé aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ọkàn Déborah sì fò fẹ́rẹ́.

"Màdámù, òjò lẹ sá wá ni, àbí aṣọ lẹ fẹ́ rán?"

"Òjò ni."

"Kó má tíì dá o."

Wàrísù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Kétu. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí Déborah kì í ní aṣọ tó fẹ́ kó bá òun fún mọ́ra.

"Olólùfẹ́, bí mo bá tún fún èyí, o ò ní lè mí mọ́."

Àfi bí dókítà ṣe ní iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́kàn Wàrísù ti wú, pé àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ kó tó bẹ́. Pàpá Gaston, bàbá Déborah, fárígá pé ọmọ òun ò ní fẹ́ ẹ.

"N ò tọ́ ọmọ kó lọ di opó."

Iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni Déborah nílé ìwòsàn tí wọ́n ti ṣe é, ó mọ ibi tí ewu kù sí: bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ọ̀pá ẹ̀yìn tó, ẹsẹ̀ á rọ. Wọ́n ti fi rọ́bà tín-ín-rín sí ẹ̀yìn Wàrísù, omi inú ọ̀pá ẹ̀yìn ń kán jáde níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè wọlé. Kò gbọ́dọ̀ dìde rárá.

"Gbé ẹsẹ̀," ni Déborah ń wí ní wákàtí wákàtí. Á sì gbé e.

Lọ́jọ́ kejì, Pàpá Gaston wọlé. Bí ojú Wàrísù ṣe kan àgbà, ó gbàgbé ìkìlọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀. Omi tú jáde, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì sì yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Déborah dí rọ́bà, wọ́n tẹ́ ẹ padà, dókítà sì fún un lóògùn tó ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè.

"Gbé ẹsẹ̀."

Ẹsẹ̀ ò mira.

"Máa lọ, Déborah. Kí lo fẹ́ fi télọ̀ tí kò lè rìn ṣe?"

"Èmi á máa wa ẹ̀rọ, ìwọ á máa fa aṣọ. N ò lọ síbì kankan."

Bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà, ojú sì tì í. Ìmọ́lẹ̀ òkun ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó ń mì lára ògiri, wákàtí kan kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, ìka ẹsẹ̀ òsì mira, lẹ́yìn náà ọ̀tún. Déborah di ẹsẹ̀ náà mú, ó ń sunkún ayọ̀.

Wàrísù tún rí bàbá, ó fẹ́ gbórí sókè. Pàpá Gaston fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ léjìká.

"Dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, àna mi. Mo ti gba ìdọ̀bálẹ̀ rẹ."