Diki Nídìí Ògiri Àdúrà

Diki jí ní kùtùkùtù. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Òun àti Màmá Àgbà ń gbé bọ́tà lọ sí ilé àdúrà Búdà lórí òkè. Bọ́tà ni wọ́n fi ń tan fìtílà níbẹ̀.

Wọ́n gòkè. Wọ́n sọ̀kalẹ̀. Wọ́n tún gòkè.
Ráú, ráú, ráú ni bàtà wọn ń dún lórí yìnyín.

Wọ́n dé ìdí ògiri àdúrà. Òkúta tí wọ́n tò jọ ni, ó ga ju Màmá Àgbà lọ. Ọ̀rọ̀ àdúrà tí wọ́n gbẹ́ wà lára òkúta kọ̀ọ̀kan.

"Ọwọ́ wo ni ògiri máa wà?" Màmá Àgbà béèrè.
"Ọwọ́ ọ̀tún!" ni Diki dáhùn.

Ọwọ́ ọ̀tún nígbà gbogbo, láti fi bọ̀wọ̀ fún àdúrà. Àwọn ẹran tó ń ru ẹrù pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Okùn bàtà Diki tú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó so ó. Màmá Àgbà ò mọ̀, wọ́n ń lọ ní tiwọn.

Diki gbójú sókè. Háà! Kùrukùru ti bo gbogbo ilẹ̀.

"Màmá Àgbà o!"
Fùùù! Afẹ́fẹ́ gbé ohùn rẹ̀ lọ.

Diki fi ọwọ́ ọ̀tún kan ògiri. Ó rìn. Ráú, ráú, ráú.
Ó yí ògiri po lẹ́ẹ̀kan. Kò rí Màmá Àgbà.
Ó yí i po lẹ́ẹ̀kejì. Kò rí Màmá Àgbà.

Omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Àbí wọ́n ti fi mí sílẹ̀ ni?"

Ó wolẹ̀. Ojú bàtà ńlá kan wà lórí ipasẹ̀ kékeré rẹ̀ nínú yìnyín.

Diki ronú. "Bàtà Màmá Àgbà nìyí! Wọ́n ń wá mi. Ọwọ́ ọ̀tún làwọn náà ń gbà. Bí mo ṣe ń rìn, wọ́n ń rìn. A ò ní pàdé láé!"

Ṣé kó gba ọwọ́ òsì ni? Ó tì o! A kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Diki jókòó.
Ẹ̀rù ń bà á. Ó ń ṣe é bíi kó sáré. Kò sáré.

Ráú.
Ráú, ráú.
Ráú, ráú, ráú.

"Diki!"
"Màmá Àgbà!"
Wọ́n dì mọ́ra wọn gbágbáágbá.

"Ọmọ yìí, ibo lo wà? Mo ti yí ògiri yìí po lẹ́ẹ̀mẹ́ta! Orókún mi ti fẹ́ yọ!"
"Ẹ̀ ń lé mi, Màmá Àgbà. Èmi náà ń lé yín!"

Màmá Àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Ta ló ní kó o jókòó?"
"Èmi náà ni. Mo ní kí ẹnì kan dúró, kí ẹnì kejì lè dé."

Màmá Àgbà wò ó. Wọ́n rọra jókòó tì í. Wọ́n jọ mu tíì oníyọ̀ tí Màmá Àgbà gbé dání títí kùrukùru fi ká.

Ọ̀nà hàn kedere.

"Ó yá, Diki," ni Màmá Àgbà wí. "Ìwọ ni kó o ṣáájú."