Òróró Tí Àlàjá Suliat Fi Pamọ́

Ọmọ mẹ́ta ló sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Roheemat lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ibì kan náà sì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjú sí. Ìhà ọ̀tún ni gbogbo wọn fi lélẹ̀, ẹsẹ̀ wọn nà gbọọrọ, ẹnu wọn pa dé. Èyí tó kéré jù nínú wọn, tí kì í sùn láìká ara jọ bí ìgbín, nà tàntàn bí igi àjà.

"Ẹ wá wo nǹkan, Ìyá Sàláúdéènì," ni Roheemat wí. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ bo ẹnu kó má baà jí wọn. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti yí ẹní yẹn padà. Bí mo bá ti yí i báyìí, wọn á tún rọra yí ara wọn sí gábàsì. Àwọn ọmọ mi ti di alùfáà lójú oorun!"

Mẹ̀dínátù, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Sàláúdéènì ní àdúgbò wọn ní Ayétòrò, kò rí ẹ̀rín rín. Ó mọ irú ìdùbúlẹ̀ yẹn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe ń tẹ́ òkú Mùsùlùmí sínú ilẹ̀.

"Kí lo fi pa wọ́n lára?"

"Kí ni mo tún ní? Òróró tí mo rà lọ́wọ́ yín náà ni. Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń ta sánsán?"

Mẹ̀dínátù ní òun gbé nǹkan ka iná, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ méjì ni obìnrin yìí ń ṣe. Nínú ilé, ó ń po ọṣẹ olómi, ìpara àti òróró olóòórùn dídùn. Kútọnù ni ògidì òórùn tó ń lò ti ń wá, gba Ẹ̀gúà wọlé, nínú ìgò kéékèèké tí wọ́n kọ èdè Faransé sí lára. Èyí tí kò wọ́pọ̀ ló sì máa ń wá kiri: òórùn awọ bàtà tuntun, òórùn ewé tábà tútù, òórùn ilẹ̀ pupa tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bà. Á fi síríńjì kán an sínú òróró àgbọn díẹ̀díẹ̀, á fi ẹyọ ìgbálẹ̀ rò ó, á fi kan ọrùn ọwọ́ rẹ̀, á sì jókòó tì í títí òórùn àkọ́kọ́ yóò fi ká kúrò tí ti ìsàlẹ̀ yóò yọjú.

Iṣẹ́ kejì, Ọlọ́run ló ń ṣe é fún. Ó wà lára àwọn obìnrin tó ń wẹ òkú obìnrin ní mọ́sálásí àdúgbò. Nítorí pé imú rẹ̀ mọ òórùn yàtọ̀, òun ni wọ́n máa ń gbé káfúrà àti lọ́fínńdà fún, kó fi pa òkú ní gbogbo ibi tó fi ń kan ilẹ̀ nígbà tó ń kírun láyé. Lórí èyí, òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ìyá Àdínì, olórí wọn, máa ń sọ ọ́ kí wọ́n tó bu omi: "Ohun tí a bá gbé wá fún òkú kì í bá alààyè padà sílé."

Nígbà tí Àlàjá Suliat kú, Toheebat ọmọ rẹ̀ gbé ìgò kan lé Mẹ̀dínátù lọ́wọ́, kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Àlàjá rà á ní Mẹ́kà lọ́dún méjìlélógún sẹ́yìn, pẹ̀lú aṣọ funfun tí wọn yóò fi dì í. Ó fi í pamọ́ de ọjọ́ ìwẹ̀ ìkẹyìn rẹ̀. Kò kán an sára rí, kódà lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀.

Mẹ̀dínátù ṣí i. Kì í ṣe òórùn òdòdó, kì í ṣe ti igi. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ṣí àpótí ìyá rẹ̀ tó ti lọ tipẹ́, tó wá bá a pé aṣọ inú rẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé, ṣé erùpẹ̀ ló máa jẹ eléyìí?

Ìgò òróró ọsàn wẹ́wẹ́ kan wà nínú báàgì rẹ̀, èyí tó ń fi sínú ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ ilé ìyàgbẹ́ mọ́sálásí. Ó kẹ́yìn sí àwọn yòókù bí ẹni ń wá òwú. Nígbà tó fi máa yíjú padà, ìgò Àlàjá ti wà ní etí ìró rẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ ló sì wà lára òwú. Ó fi pa iwájú orí òkú, imú rẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, eékún àti ẹsẹ̀. Òórùn káfúrà bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fura. Òun nìkan ni kò lè wo ojú Àlàjá, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀hún wà ní pípadé.

Ìgò méjìlá ló pò jáde nínú ẹ̀kán díẹ̀ yẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó tán. Àwọn èèyàn ń tẹ̀ lé ara wọn lójú ọ̀nà, wọ́n ń béèrè pé kí lẹ fi para. Mẹ̀dínátù ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ pé ọgbọ́n ọwọ́ òun ni.

Àfi ọjọ́ tó rí àwọn ọmọ Roheemat. Lójú ọ̀nà ilé ló ti rántí pé òun náà ti kọ́kọ́ tọ́ òróró náà wò lọ́rùn ọwọ́, àti pé láti ìgbà náà, ìhà ọ̀tún lòun fi ń jí lójoojúmọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé. Irọ́ kan náà ló ń pa fún gbogbo wọn: òróró ti bàjẹ́, kí wọ́n dá a padà. Husain mẹkáníìkì ọ̀kadà kò kọ́kọ́ fẹ́ gbà.

"Ẹ̀gbọ́n, òróró yìí kò bàjẹ́ o, èmi gan-an ló fẹ́ bà jẹ́! Mo gbé orí lé ìrọ̀rí lálẹ́, ibi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ni mo jí sí. Ìyàwó mi ní mò ń sá fún òun."

Ó rẹ́rìn-ín títí. Mẹ̀dínátù gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì da ohun tó kù nínú rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì kékeré kan pẹ̀lú ti àwọn yòókù.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́mọ́ọ̀mù dárúkọ rẹ̀ nínú wàásù. "Ẹ wo oníṣòwò tó rí àbùkù ọjà rẹ̀, tó sì gbà á padà kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ta ló kù tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láyé ìsinsìnyí?" Àwọn obìnrin yíjú sí i, wọ́n ń ṣàdúrà fún un. Ìyá Àdínì fọwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ara Mẹ̀dínátù bú gbàmù bí ẹni tí ìró já mọ́ nídìí láàárín ọjà. Ó fẹ́ dìde kó jẹ́wọ́. Ó tẹ́wọ́ àdúrà dípò bẹ́ẹ̀. Ó ní "Àmín."

Ìgò kan ló kù níta. Lábísí, tó ń bá a tajà, ti tà á láìmọ̀ fún Toheebat, ọmọ Àlàjá.

Ọ̀la ni àdúrà ogójì ọjọ́. Ẹ̀yìnkùlé ni Mẹ̀dínátù ti bá Toheebat tó jókòó, tó ń ṣa ẹ̀wà tí wọn yóò fi dín àkàrà sàráà. Ìgò náà wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Toheebat, òróró yẹn ti bàjẹ́ o. Mo wá gbà á padà ni."

"Kò bàjẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jókòó."

Mẹ̀dínátù jókòó. Ọwọ́ Toheebat kò kúrò nínú ẹ̀wà, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè.

"Láti ọjọ́ kẹta tí a sin ín ni mo ti ń lá àlá kan náà. Mo rí ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé kan. Àwọn obìnrin jókòó sínú ilé náà, funfun ni wọ́n wọ̀, gbogbo wọn ń ta sánsán. Wọn ò lé e. Wọ́n kàn fi ìbòrí bo imú. Wọ́n ní, 'Ta ló ń rùn bí ilé ìyàgbẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ yìí?' Ni ìyá mi bá dúró síta. Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ mọ bó ṣe máa ń gbé ara rẹ̀. Ojú ń tì í, ẹ̀gbọ́n. Mi ò rí i kójú tì í rí láyé."

Ó fẹ́ ìdọ̀tí kúrò lójú ẹ̀wà.

"Mi ò mọ ìtumọ̀ àlá náà, àfìgbà tí mo ṣí ìgò yìí. Òórùn tí mo gbọ́ nínú ìgò ìyá mi kí n tó gbé e lé yín lọ́wọ́ ni."

Mẹ̀dínátù ti wà lórí eékún. Gbogbo irọ́ tó tò sílẹ̀ tú ká lẹ́nu rẹ̀. "Èmi ni. Èmi ni mo jí i. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fi pa á. Toheebat, kó ọ̀rọ̀ mi lọ sí mọ́sálásí, kí wọ́n tutọ́ sí mi lára. Tàbí jẹ́ kí n gbé gbogbo rẹ̀ lọ dà sórí sàréè rẹ̀."

"Mo ti bi ìyá mi léèrè lójú àlá nípa ti sàréè. Ó ní ilẹ̀ máa mu ún, kò ní dé ọ̀dọ̀ òun." Toheebat gbé ojú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò sí ìbínú níbẹ̀. Ìyẹn ló burú jù. "Ó ní kí n má bá yín jà, kí n má sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gbé e wá."

Mẹ̀dínátù gbọ́ bí ẹ̀wà ṣe ń bọ́ sínú abọ́, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì.

"Ìgbà wo?"

"Mi ò bi í. Ó ní kí ẹ má kánjú."

Toheebat dìde. Ó ṣí kẹ́ẹ̀gì tí Mẹ̀dínátù gbé wá, ó da òróró ìgò rẹ̀ sí i, kò jẹ́ kí ẹ̀kán kan ṣòfò, ó sì fún ìdérí rẹ̀ pinpin.

"Mo lọ bá Ìyá Àdínì láàárọ̀ yìí. Mo ní kó fi mí kún àwọn tó ń wẹ òkú. Inú rẹ̀ dùn." Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé kẹ́ẹ̀gì náà lé Mẹ̀dínátù lọ́wọ́, tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, bí ọmọ ṣe ń gbé omi fún àgbà. "Èmi ni màá wẹ̀ yín, ẹ̀gbọ́n. Tí ẹ bá délé, ẹ gbé e síbi tí mo ti lè tètè rí i."